Má Fi Ìsun Ẹ̀jẹ̀ Pamọ́

Bíbélì kíkà: Máàkù 5:21-43
Ẹsẹ àkọ́sórí: Máàkù 5:33

Olùfẹ́, ìṣẹ́tí aṣọ Jésù la sábà máa ń wàásù nínú ìtàn yìí. Wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí obìnrin náà fọwọ́ kàn án. Ẹ̀jẹ̀ ti dá. Ó lè rọra gba ẹ̀yìn èrò lọ sílé. Jésù kò gbà! Ó dúró, ó ń bèèrè ẹni náà, títí obìnrin yìí fi jáde pẹ̀lú ìwárìrì, tó ro ohun tó ti ń ṣe é láti ọdún 12 lójú gbogbo èèyàn. Léfítíkù 15 sì ti ka irú rẹ̀ sí aláìmọ́, títí dórí ibùsùn tó bá sùn lé. Ọmọ ni Jésù pè é.

Òfin yẹn kò sí lọ́rùn wa mọ́, síbẹ̀ àwọn arábìnrin ṣì ń fi pamọ́. Wọ́n á wọ aṣọ dúdú wá sí ìsìn, wọ́n á lo pádì méjì lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á jókòó sẹ́yìn kí àga má bàa bàjẹ́. Òmíràn ti gbé e fún ọkọ ọ̀run, ó ń gba ààwẹ̀ gbẹ lórí ẹ̀jẹ̀ tó ń dà. Mo gbà gbọ́ nínú ìdáǹdè o. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń tán lára rẹ̀, oúnjẹ àti dókítà ló kàn án, kì í ṣe ààwẹ̀. Àwọn kan á ní ṣebí obìnrin yìí náwó fún onísègùn lásán. Ìyà tó jẹ ẹ́ ni Máàkù ń ròyìn. Kò ní kí ẹnikẹ́ni má lọ sí ọsibítù. Oníṣègùn ni Lúùkù fúnra rẹ̀ (Kólósè 4:14).

Nígbà wo ló kọjá nǹkan oṣù lásán? Bó bá ju ọjọ́ 7 lọ. Bí pádì kan bá ń kún láàárín wákàtí kan sí méjì, tí ẹ̀jẹ̀ dídì ńlá ń bá a jáde. Bó bá ń yọ kí oṣù tó pé, tàbí lẹ́yìn tí ìwọ àti ọkọ rẹ bá ti wà pọ̀. Ẹ̀yin ìyá wa tí nǹkan oṣù yín ti dá tó ọdún kan, bí ẹ̀jẹ̀ bá tún yọ, kódà kó jẹ́ ẹ̀kán kan, kì í ṣe ti Sárà ló ń ṣẹlẹ̀. Ẹ lọ fi han dókítà, nítorí jẹjẹrẹ ilé ọmọ tàbí ti ẹnu ilé ọmọ lè fi bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó sì sàn kí wọ́n tètè rí i.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni jẹjẹrẹ. Ó lè jẹ́ fáíbírọ́ọ̀dì, oyún tó fẹ́ bàjẹ́, àrùn inú ilé ọmọ, tàbí abẹ́rẹ́ ìfètòsọ́mọbíbí. Dókítà á yẹ oyún wò, á wọn ẹ̀jẹ̀, á ṣe síkáànù. Oògùn wà tó ń dín ẹ̀jẹ̀ kù, áyọ́ọ̀nù wà tó ń dá a padà sára. Kì í ṣe gbogbo fáíbírọ́ọ̀dì ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ fún. Ṣùgbọ́n bí òòyì bá ń kọ́ ọ, tí àyà rẹ ń lù kìkì, tàbí tí oṣù kò wá tí ẹ̀gbẹ́ ikùn kan sì ń ro ọ́ gan-an, oyún lè wà níta ilé ọmọ. Má dúró de àdúrà òwúrọ̀. Gbéra lóru!

Ọmọ Jáírù nínú ìtàn kan náà jẹ́ ọmọ ọdún 12, ọjọ́ orí tí ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ń bẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù. Ní ọdún méjì mẹ́ta àkọ́kọ́, ó lè máa ṣe ségesège. Bó bá ń dà yàà láti ìbẹ̀rẹ̀, tí imú rẹ̀ sì máa ń ṣẹ̀jẹ̀, ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í tètè dì. Ọmọ tí ọmú rẹ̀ kò tíì yọ tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde lójú ara rẹ̀ ńkọ́? Má lù ú. Ó lè fara pa, nǹkan lè há síbẹ̀, ẹnìkan sì lè ti fipá bá a lòpọ̀. Gbé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà, bó bá sì jẹ́ àgbà ìjọ ló ṣe é, ẹ má parí rẹ̀ nílé.

Láti oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni ìjọba Nàìjíríà ti ń fún ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV, tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbà á.

Ẹ̀yin bàbá tó ń darí àdúrà nílé, ẹ bèèrè lọ́wọ́ ìyàwó yín lónìí, kí ẹ sì wá owó síkáànù.

Àdúrà: Jésù Olúwa, arábìnrin tó wà nínú àdúrà yìí tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, fún un ní ìgboyà láti sọ ọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣe amọ̀nà rẹ̀ sọ́dọ̀ dókítà tó mọṣẹ́. Dá ẹ̀jẹ̀ náà dúró, ní orúkọ Jésù. Àmín.