BÍ ÀYÀ BÁ JÁ, ǸJẸ́ ÌGBÀGBỌ́ TI JÁ BÍ?

Nínú ìwé ìrántí bí irú èyí, ọ̀rọ̀ ọpẹ́ ni ó máa ń pọ̀ jù, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ń jẹ ọ̀pọ̀ nínú wa lọ́kàn, tí a kì í fẹ́ sọ ní gbangba, pàápàá jù lọ nínú ilé àdúrà, kí àwọn ènìyàn má baà wí pé, “Ẹ ò rí i, kò ní ìgbàgbọ́.” Ọ̀rọ̀ ẹ̀rù ni. Kì í ṣe ẹ̀rù olè tàbí ẹ̀rù ogun ni a ń wí, bí kò ṣe ẹ̀rù ọkàn tí ń lù láyà ẹni.

Bí ẹ̀rù bá ba Yorùbá, yóò ní, “Àyà mi já.” Àwọn baba wa ti mọ̀ tipẹ́ pé ẹ̀rù àti àyà kì í gbé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tí ó ní àlàáfíà, a ní ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ẹni tí kì í sá, a ní ó láyà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá wá jẹ́ pé àyà ni ó kọ́kọ́ já fúnra rẹ̀, láìsí ejò, láìsí olè, tí ẹ̀rù wá tẹ̀lé e ńkọ́? Ǹjẹ́ a lè pe onítọ̀hún ní aláìnígbàgbọ́? Ìbéèrè tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò nìyí.

Arábìnrin kan wà nínú ìjọ wa. A kò ní dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ni ó ní kí a sọ ọ́, bóyá yóò ran ẹlòmíràn lọ́wọ́. Aránṣọ ni, ó lé díẹ̀ ní ogójì ọdún. Ní òru ọjọ́ Ẹtì kan, nígbà ìṣọ́ òru, bí gbogbo wa ti kúnlẹ̀ tí ilé dákẹ́, ó gbọ́ tí àyà rẹ̀ ń lù kì, kì, kì. Ó dákẹ́, bí ẹni pé ó gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó sọ gbì! bí ẹja tí ó ta nínú igbá. Arábìnrin di àyà mú. Kò mọ àdúrà tí a gbà lẹ́yìn èyí mọ́. Láti ọjọ́ náà ni kò ti sùn dáadáa. Bí ó bá fi apá òsì dùbúlẹ̀, yóò máa gbọ́ ọ. Bí ó bá jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, yóò fi ìka kan ọrùn ọwọ́, yóò máa kà á. Ó wá di ẹni tí kò lè dá wọ ọkọ̀ lọ sí ọjà mọ́, nítorí ó ní bí òun bá ṣubú, ta ni yóò gbé òun?

Ó lọ sọ́dọ̀ aríran kan. A kò ní fi bò, nínú ilé àdúrà ni. Aríran ní òun rí obìnrin àgbà kan tí ó gbé ọwọ́ lé e láyà. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni o, ṣùgbọ́n arábìnrin wa fi ọkàn ara rẹ̀ parí ìran náà: ìyá ọkọ òun ni! Láti ìgbà náà, kò jẹ oúnjẹ ìyá náà mọ́. Kò jẹ́ kí àwọn ọmọ sùn lọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́. Oṣù mẹ́sàn-án gbáko ni ìyá àgbà fi ń bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ni òun ṣe.

Ẹ wo ibi tí lílù àyà gbé ènìyàn dé!

Ọkọ rẹ̀ ni ó fi dandan mú un lọ sí ọsibítù. Wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n lẹ wáyà mọ́ ọn láyà, lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀, ẹ̀rọ sì ya lílù ọkàn rẹ̀ sórí ìwé. Wọ́n tún so ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ ọn lára tí ó gbé lọ sílé fún wákàtí 24. Nígbà tí ó padà lọ, dókítà ní, “Màmá, ọkàn yín le koko. Ohun tí ẹ ń gbọ́ kì í pa ènìyàn.”

Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ bí dókítà ti là á yé e, nítorí ìmọ̀ a máa lé ẹ̀rù. Ọkàn ẹni tí ó jókòó jẹ́ẹ́ a máa lù ní ìgbà 60 sí 100 ní ìṣẹ́jú kan. Bí a bá ṣírò rẹ̀, yóò tó bí ìgbà 100,000 láàárín ọ̀sán àti òru. Ibì kan wà lókè, lápá ọ̀tún ọkàn, tí ó dàbí ìyá ìlù. Òun ni ó ń darí gbogbo ìlù yòókù. Nígbà mìíràn, omele kan láti ibòmíràn a já wọlé kí ìyá ìlù tó pè é. Lílù omele yìí kò lágbára, ẹni tó ni í lè má gbọ́ ọ. Ọkàn a wá sinmi díẹ̀ kí ìyá ìlù tó tún gbé e. Láàárín ìsinmi yìí, ẹ̀jẹ̀ tí ó pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá a kún inú ọkàn. Nígbà tí ó bá sì lù, a lù kíkankíkan. Ìyẹn ni gbì tí arábìnrin wa gbọ́. Ọkàn kò gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. Ìlù ni ó ń tún gbé.

Irú ẹ̀rọ tí wọ́n so mọ́ ọn yẹn, Norman Holter, ará Montana ní Amẹ́ríkà, ni ó pilẹ̀ rẹ̀. Ti àkọ́kọ́ tó bí kílò 38, ẹ̀yìn ni wọ́n ń gbé e pọ̀n sí. Ní 1977, àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà tẹ ìròyìn kan jáde: wọ́n so irú ẹ̀rọ yìí mọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin 50 tí ń kọ́ iṣẹ́ dókítà, tí kò sí àrùn ọkàn lára wọn. Ìdajì wọn ni omele ń já wọlé fún láti ìsàlẹ̀ ọkàn, ó sì lé ní ìdajì tí ó ń já wọlé fún láti òkè. Ǹjẹ́ ẹ rí i? Ohun tí a rò pé ikú nìkan ló ń mú un wá, ara líle náà ní in.

Kí ló dé tí ó fi ń pọ̀ sí i bí ẹ̀rù ti ń bà wá? Ẹ̀rù a máa tú oje kan sínú ẹ̀jẹ̀, adrenaline ni wọ́n ń pè é. Oje yìí a mú kí ọkàn sáré, kí omele sì máa já wọlé lemọ́lemọ́. Bí omele bá já wọlé, ẹ̀rù a tún bà wá. Bí ẹ̀rù bá bà wá, oje a tún tú. Bí ajá tí ń lé ìrù ara rẹ̀ ni: bí ó ti ń sáré tó ni ìrù ń sáré.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ìbéèrè wa. Àwọn kan ní ẹ̀rù jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Wòlíì Èlíjà pe iná sọ̀kalẹ̀ ní òkè Kámẹ́lì, síbẹ̀ ìhàlẹ̀ Jésébẹ́lì lé e wọ aginjù, ó sì ní kí òun kú. Ọlọ́run kò pè é ní aláìnígbàgbọ́. Ó jẹ́ kí ó sùn, ó rán áńgẹ́lì pẹ̀lú oúnjẹ àti omi, ó tún jẹ́ kí ó sùn. Lẹ́yìn èyí ni ó tó bá a sọ̀rọ̀. Àyà tí ó já kò sí ní ìkáwọ́ ẹni, a kò sì lè ka ohun tí kò sí ní ìkáwọ́ ẹni sí i lọ́rùn. Ohun tí a bá ṣe lẹ́yìn tí àyà ti já, tí òtítọ́ sì ti dé etí wa, ìyẹn ni a ó jíhìn fún. Ẹ̀bi arábìnrin wa kì í ṣe pé ẹ̀rù bà á. Ẹ̀bi rẹ̀ ni ohun tí ó fi ẹ̀rù náà ṣe sí ìyá ọkọ rẹ̀. Ẹ̀bi tiwa tí a ń ríran ńkọ́? Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ẹni tí ẹ̀rù ti bà tẹ́lẹ̀, kò yẹ kí a fi ìran tí kò lórí tí kò nídìí lé e lọ́wọ́ lọ sílé.

Ẹlòmíràn yóò ní, “Ṣé àwọn baba wa kò gbé oògùn jù sí ẹ̀gbẹ́ kan ni?” Òótọ́ ni pé ìtàn Aládùúrà kò ṣẹ̀yìn ẹ̀rù. Ní 1918, nígbà tí àrùn lúkúlúkú ń pa ènìyàn, tí oògùn kò ràn án, Joseph Sadare àti àwọn díẹ̀ kan kó ara wọn jọ fún àdúrà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Àríyànjiyàn lórí oògùn wà láàárín àwọn ìjọ wa láti ìgbà náà. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ tí a ń sọ yìí, dókítà kò tilẹ̀ fún arábìnrin wa ní oògùn kankan. Òtítọ́ ni ó fún un. Ṣé a ó wá kọ òtítọ́ nítorí pé ẹnu dókítà ni ó ti jáde?

Ẹ tún gbọ́ èyí. Àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà rí i pé àwọn tí ìkọlù ọkàn ti mú rí, bí irú lílù yìí bá pọ̀ lára wọn, a máa kú ju àwọn ẹgbẹ́ wọn. Wọ́n rò pé bí àwọn bá pa lílù náà lẹ́nu mọ́, ènìyàn yóò yè. Wọ́n fún àwọn kan ní oògùn tí ń jẹ́ encainide tàbí flecainide, wọ́n fún àwọn yòókù ní èyí tí kò ní nǹkan kan nínú. Oògùn ṣiṣẹ́, lílù náà rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 1989 wọ́n dá a dúró kíákíá, nítorí àwọn tí ń lo oògùn ni ó ń kú jù. Nígbà tí wọ́n kà á tán, ẹni 63 ti kú nínú 755 tí ó lò ó. Ẹni 26 ni ó kú nínú 743 tí kò lò ó. Ọkàn àwọn wọ̀nyí ti ní àrùn tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ tiwọn yàtọ̀ sí ti arábìnrin wa. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún gbogbo wa: ìdákẹ́ kì í ṣe àlàáfíà. Ẹni tí ó bá ní òun kò ní sinmi títí àyà òun yóò fi dẹ́kun jíjá, ó lè ṣe ara rẹ̀ léṣe níbi tí ó ti ń wá ìdákẹ́.

“Bí dókítà bá ṣìnà ńkọ́?” Arábìnrin wa bi wá bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ohun tí a fi dá a lóhùn nìyí: ìdánilójú tí o ń wá, pé o kò ní kú, kò sí dókítà tí ó lè fún ọ, wòlíì tí ó bá sì fún ọ, irọ́ ni ó pa. A kò fún ẹnikẹ́ni rí, àti ẹni tí àyà rẹ̀ ń já, àti ẹni tí tirẹ̀ ń lù geerege. Ìgbàgbọ́ kì í ṣe kí a mọ ọjọ́ ọ̀la. Ìgbàgbọ́ ni kí a ṣe iṣẹ́ òní láìmọ̀ ọ́n.

Ìyá Ìjọ ni ó wá ràn án lọ́wọ́ jù. Kò ríran kankan. Ó kàn bi í pé, “Ọmọ mi, ìgbà wo lo sùn gbẹ̀yìn? Ọkàn rẹ lo ń ṣọ́ bí ọlọ́dẹ yìí. Ọmọ tó ru omi, bí a bá tẹjú mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ṣé kò ní kọsẹ̀? Ẹni tó dá ọkàn ọ̀hún ò ní kí o máa bá òun kà á.” Wọ́n jọ gbàdúrà, wọ́n sì jọ fi àwọn ohun díẹ̀ ṣe àdéhùn. Ó bọ́ aago ọwọ́ tí ń ka lílù ọkàn kúrò. Bí ó bá ṣọ́ òru ní ọjọ́ Ẹtì, yóò sùn ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta. Kò gba àwẹ̀ gbígbẹ mọ́. Omi ń bẹ nínú àwẹ̀ tirẹ̀. Ó dín kọfí kù, ó sì fi obì sílẹ̀, nítorí àwọn náà a máa ru ọkàn sókè. Bí àyà bá sì já, yóò mí sínú díẹ̀díẹ̀, yóò mí síta díẹ̀díẹ̀, yóò ní, “Omele ni o, ìyá ìlù wà níbẹ̀,” yóò sì parí ẹsẹ̀ aṣọ tí ó ń rán lọ́wọ́.

Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣì wá gbọ́. A kò wí pé gbogbo lílù ọkàn tí kò gún ni kò léwu. Ìgbà tí a bá ti yẹ ènìyàn wò ni a tó lè sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá dákú, tàbí tí àyà ń dùn ún, tàbí tí èémí rẹ̀ ń kúrú, tàbí tí àyà ń já nígbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́ agbára, tàbí tí ó ti ní àrùn ọkàn tẹ́lẹ̀, tàbí tí èwe ti kú lójijì nínú ìdílé rẹ̀, kí ó tètè lọ sí ọsibítù. Àìtó ẹ̀jẹ̀ àti irú gẹ̀gẹ̀ kan náà a máa fa á, wọ́n sì ní ìtọ́jú. Kí a lọ yẹ ara wò kì í ṣe àìnígbàgbọ́. Ohun tí ó ṣòro ni kí a gba ìdáhùn gbọ́, bí ìdáhùn bá dára.

Ìkẹyìn àdéhùn náà ni ó nira jù. Arábìnrin wa lọ kúnlẹ̀ níwájú ìyá ọkọ rẹ̀, ó sì jẹ́wọ́ ohun gbogbo. Ó ní bí òun ti ń sọ̀rọ̀ ni àyà òun ń já, lẹ́ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, òun kò sì dìde. Ìyá àgbà kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó rọ ẹ̀bà, ó bu ọbẹ̀ sí i, ó ní, “Wá jẹun.”

Ó sì jẹ ẹ́.

Àyà arábìnrin náà ṣì ń já lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan títí di òní. Bí ẹ bá rí i ní àjọ̀dún yìí, ẹ kò ní mọ̀. Aṣọ àwọn akọrin tí ẹ ó rí lọ́jọ́ Àìkú, òun ni ó rán wọn. Ẹ kú àjọ̀dún o. Kí Olúwa kí ó fi ìbàlẹ̀ ọkàn fún gbogbo wa, kí ó sì fún wa lágbára láti ṣe ohun tí ó tọ́ kí ọkàn tó balẹ̀. Àmín.