ÀṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀: NÍGBÀ TÍ IṢẸ́ BÁ DÉ ÌDAJÌ

Bíbélì kíkà: Nehemáyà 4:1-23

 

Ẹ bá mi wo ẹsẹ 6 àti ẹsẹ 10 pọ̀. Ní ẹsẹ 6, odi Jerúsálẹ́mù ti dé ìdajì, ara àwọn ènìyàn sì ń yá sí iṣẹ́. Kò ju ẹsẹ mẹ́rin lọ lẹ́yìn náà, àwọn ará Júdà ti ń sọ pé agbára àwọn tó ń ru ẹrù ń tán, pé àlàpà ti pọ̀ jù. Kì í ṣe Sáńbálátì ló sọ ọ́ o. Tòbáyà tilẹ̀ ti fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ bá gun odi náà, á wó. Ìyẹn ò dá wọn dúró. Rírẹ̀ ló fẹ́ dá wọn dúró.

Lójú tèmi, ìdajì ló nira jù. Ọjọ́ tí a ń fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀, pásítọ̀ á wá, ẹbí á wá, a ó mu mínírà. Ọjọ́ tí ilé dé ojú fèrèsé tí owó sìmẹ́ǹtì tán ńkọ́? Koríko nìkan ló ń wá síbẹ̀.

Ìwọ tí ò ń kọ́ṣẹ́, tí àwọn tí ẹ jọ bẹ̀rẹ̀ ti ṣe fíríídọ̀ọ̀mù. Ìwọ tó ń ti ibi iṣẹ́ lọ sí kíláàsì, tí o ti pinnu láàárọ̀ yìí pé o ò lọ mọ́, ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Nehemáyà kò sọ fún wọn pé àlàpà ò pọ̀. Ó pọ̀ lóòótọ́, ìlú tó ti wó láti ọdún tó lé ní 100. Ohun tó ṣe ni pé ó tò wọ́n ní ìdílé-ìdílé sí ibi tí odi ti kúrú. Ìdajì àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ di ohun ìjà mú, ìdajì ń ṣiṣẹ́. Ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ dín kù, àmọ́ iṣẹ́ ò dúró. Ọjọ́ 52 ni wọ́n fi parí rẹ̀.

Bí o ò bá lè fi wákàtí mẹ́ta kàwé mọ́, fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kà á. Bí búlọ́ọ̀kù mẹ́wàá lowó mọ, ra mẹ́wàá. Kí o sì pe ẹnì kan tí yóò dúró tì ọ́. Ẹnì kan ni mo wí o, mi ò ní kó o gbé e sí status! Tòbáyà náà ń wo status. Ẹ ka orí 6 ẹsẹ 17, ẹ ó rí bí lẹ́tà ṣe ń lọ tó ń bọ̀ láàárín òun àti àwọn ọlọ́lá Júdà.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà: Bàbá, agbára mi ń tán lẹ́nu iṣẹ́ yìí, o sì mọ èyí tí mò ń wí. (Ẹ dárúkọ rẹ̀ fún Un.) Fún mi ní okun tó tó fún tòní. Fi ẹni tí yóò dúró tì mí hàn mí. Ní orúkọ Jésù. Àmín.