Ògiri Tí Ó Là, Ta Ni Ó Ni Ín?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí a jọ rò lónìí dà bí ọ̀rọ̀ bíríkìlà, ṣùgbọ́n mo gbà pé ó kọjá bẹ́ẹ̀. Bí ẹnì kan bá ń gbé inú ilé, tí ó rí i pé ògiri ibẹ̀ ti là tàbí pé ó ti tẹ̀, tí ilé náà kì í sì í ṣe tirẹ̀, kí ni gbèsè tí ó wà lọ́rùn rẹ̀?

Orí mi ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àwa ayálégbé méje ni a jọ ń gbé ilé kan ní Nyanya. Fẹ́ǹsì ilé náà, búlọ́ọ̀kù tí wọn kò rẹ́, ń tẹ̀ síta díẹ̀díẹ̀. Gbogbo wa ni a rí i. Ọ̀kan nínú wa máa ń fi ṣe àwàdà pé fẹ́ǹsì náà ti wà ní rúkúù, pé ó kù kí ó forí kanlẹ̀. Lẹ́yìn fẹ́ǹsì yìí, létí títì, ni ìyá kan ti máa ń din àkàrà láàárọ̀. Bí mo bá dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, aládùúgbò mi á ní, “Alfa, ṣé ilé bàbá wa ni? Lánlọ́ọ̀dù tí ó ń gba owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ṣé òun kò lójú ni?” Èmi náà á ní òótọ́ ni. Ní òru ọjọ́ kan, òjò ńlá rọ̀, kò sì dá títí ilẹ̀ fi mọ́. Aago mẹ́fà kọjá díẹ̀ nígbà tí a gbọ́ ìró. Fẹ́ǹsì ti dùbúlẹ̀ gbalaja sí ibi tí agbada àkàrà máa ń wà. Ìyá náà kò wá lọ́jọ́ náà, nítorí òjò.

Gbogbo wa ṣe Alihamudulilahi, a sì gba ibi iṣẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n inú ọkọ̀ ni ọkàn mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í dà mí láàmú. Bí òjò bá ti dá ní aago márùn-ún, obìnrin náà ìbá wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Èmi kò ní ṣe ju èyí tí mo ṣe lọ. Ẹni tí fẹ́ǹsì rẹ̀ pa ènìyàn, àti àwa tí tiwa kò pa ẹnikẹ́ni, ìwà kan náà ni a hù, òjò ni ó yà wá sọ́tọ̀. Àánú Ọlọ́hun ni ó gba obìnrin náà là. Mi ò lè sọ pé àánú yẹn ti wẹ èmi náà mọ́.

Àwọn onímọ̀ òfin Ìsìláàmù ti yẹ irú ọ̀rọ̀ yìí wò tipẹ́tipẹ́. Khalīl, ẹni tí ó kọ Mukhtasar tí àwọn alfa wa ń kà nínú mázíhábù Màlíkì, mẹ́nu ba ògiri tí ó tẹ̀ tí ó sì wó ba nǹkan jẹ́. Ohun mẹ́ta ni ó ní kí ó pé kí ọ̀ràn tó wà lọ́rùn onílé: kí ògiri náà ti tẹ̀, kí wọ́n ti kìlọ̀ fún ẹni tí ó ni ín, kí àyè sì ti wà fún un láti tún un ṣe. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ti àárín dáadáa. Ta ni yóò kìlọ̀? Onílé tí ó ń gbé Kaduna kò lè rí ẹ̀yìn fẹ́ǹsì tí ó wà ní Nyanya. Àwa tí a ń gbé ibẹ̀ ni. Àwa tí a rò pé a ti di ẹrù náà lé onílé lórí, àwa gan-an ni a bá a sọ ọ́ kalẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọ̀ràn bá dé, yóò ní ẹnikẹ́ni kò sọ fún òun, òótọ́ ni yóò sì sọ.

Èmi kì í ṣe mùfútí o, kí ẹnikẹ́ni má gbé ọ̀rọ̀ mi lọ sílé ẹjọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ̀ pé ọ̀ranyàn kan wà tí ó jẹ́ pé bí àwọn kan bá ṣe é, ó bọ́ lọ́rùn àwọn ìyókù, bí kò bá sì sí ẹni tí ó ṣe é, gbogbo ìlú ni ó jẹ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Kíkírun sí òkú lára jẹ́ ọ̀kan nínú rẹ̀. Lójú tèmi, kíkìlọ̀ nípa ògiri tí ó fẹ́ wó jẹ́ irú rẹ̀. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ kò dára fún wa: bí òkú bá kú ní àdúgbò, kò sí ẹni tí ń dúró de ẹnìkejì, ṣùgbọ́n bí ògiri bá là, ẹni méje á máa wo ojú ara wọn.

Ẹ rántí mọ́sálásí àgbà Zaria. Láàárín ọdún 1830 sí 1840 ni wọ́n kọ́ ọ, iṣẹ́ ọwọ́ gbajúmọ̀ mọlémọlé nì, Babban Gwani Mikaila. Ní ọjọ́ Jímọ̀, 11 oṣù kẹjọ ọdún 2023, nígbà tí àwọn ènìyàn wà lórí ìrun Alásárì, apá kan rẹ̀ wó lé wọn lórí. Ó kéré tán, ènìyàn méje ni ó kú, ọ̀pọ̀ sì farapa. Ẹ́míà Zazzau, Alhaji Ahmed Nuhu Bamalli, sọ pé ọjọ́ kan péré ṣáájú ni wọ́n ti rí i pé ògiri náà là, wọ́n sì ti ń ṣètò bí wọn yóò ṣe tún un ṣe. Èmi kò rí ẹni tí mo lè dá lẹ́bi nínú ìtàn yìí. Wọ́n rí i, wọ́n sọ ọ́, wọ́n sì dìde sí i, síbẹ̀ ọjọ́ kan kò tó. Báwo wá ni ti àwa tí a ti ń wo tiwa láti ọdún kẹta? Nínú oṣù yẹn kan náà, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan wó lóru ní Garki Village, láàárín ìgboro wa níhìn-ín, ó sì pa ènìyàn.

Kì í ṣe gbogbo ìlà ara ògiri ni ẹ̀rù. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí, tí ó wà lójú ìrẹ́ nìkan, kì í sábà ju pé sìmẹ́ǹtì yára gbẹ lọ. Èyí tí ó yẹ kí ó lé oorun lójú ènìyàn ni èyí tí ó dagun láti igun fèrèsé tàbí ẹnu ọ̀nà, tí ó ń tẹ̀ lé ojú ìsopọ̀ búlọ́ọ̀kù bí àtẹ̀gùn, tí ó sì ń fẹ̀ sí i. Nígbà tí ilẹ̀ mì ní Mpape àti agbègbè rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń wo ògiri tí wọ́n ti ń fi ẹ̀yìn tì láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ mú pẹ́ńsù, ẹ fa ìlà kékeré sí ibi tí lílà náà parí sí, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i lára. Bí ó bá kọjá ààmì yẹn lẹ́yìn oṣù kan tàbí méjì, ẹ pe ẹni tí ó mọ iṣẹ́.

Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìjà ẹbí ni wọ́n ń fi bá wí, ṣùgbọ́n lára ilé gan-an, omi ni ó ń wọlé kí aláǹgbá tó dé. Omi òjò tí ń kán láti orí páànù sí ìdí ilé, omi ìwẹ̀ tí a ń dà sí ẹ̀yìn bàlùwẹ̀, gọ́tà tí ọ̀rá ti dí, ìwọ̀nyí ni ó ń jẹ ìpìlẹ̀. Èyí kò sì kan owó onílé rárá. Ọwọ́ ayálégbé ni ó wà. Bí bíríkìlà bá sì dé, ẹ má jẹ́ kí ó kàn fi sìmẹ́ǹtì olómi pa ojú rẹ̀ rẹ́. Ó yẹ kí ó gbẹ́ ẹnu ibi tí ó là, kí ó fọ eruku inú rẹ̀ kúrò, kí ó bu omi sí i, kí ó tó fi yanrìn àti sìmẹ́ǹtì dí i, kí ẹ sì máa rin ín lómi fún ọjọ́ mélòó kan. Ilé alámọ̀ àtijọ́ tí ẹ rí ní àwọn abúlé tí ó yí wa ká, ẹ má fi sìmẹ́ǹtì líle bò ó pátápátá; ọ̀rinrin á há sínú amọ̀, ògiri á máa jẹrà lábẹ́ ẹ̀wù tí ó dára.

Ẹ̀wù tí ó dára ni mo ní! Àwọn onílé kan wà tí ó jẹ́ pé bí ayálégbé kan bá ti kó jáde, ọ̀dà ni wọ́n máa ń rà, kì í ṣe sìmẹ́ǹtì. Ànábì wa, kí ìkẹ́ Ọlọ́hun máa bá a, ki ọwọ́ bọ inú òkìtì oúnjẹ kan lọ́jà, ó sì rí i pé abẹ́ rẹ̀ tutù. Ó béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ń tà á pé kí ló dé tí kò fi èyí tí ó tutù sí òkè kí àwọn ènìyàn lè rí i. Ọ̀dà tuntun lórí ògiri tí ó là kò yàtọ̀ sí ọkà gbígbẹ lórí ọkà tútù.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Àjò kò dùn kí onílé má relé. Láti ìgbà tí òfin 1976 ti sọ ilẹ̀ Àbújá di ti ìjọba àpapọ̀, kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó lè pe ibí ní ilé bàbá rẹ̀. Àwọn tí wọ́n wó ilé mọ́ lójú láàárín ọdún 2003 sí 2007 ṣì wà láàárín wa, ta ni yóò sọ fún wọn pé kí wọ́n máa ra sìmẹ́ǹtì fún ilé tí katapílà lè wó lọ́la? Lórí ọ̀rọ̀ owó, mi ò lè dá wọn lẹ́bi. Ẹni tí ó ń wá owó iléèwé ọmọ kò jẹ onílé ní ògiri. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu kò ná wa ní nǹkan kan.

Nínú Súrátù Káhífì, tí ọ̀pọ̀ wa ń kà ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, Ànábì Mùsá àti ẹrúsìn Ọlọ́hun tí a ń pè ní Hídírì dé ìlú kan, wọ́n tọrọ oúnjẹ, ìlú kọ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti rí ògiri tí ó fẹ́ wó, Hídírì sì gbé e nàró. Ànábì Mùsá ní bí ó bá wù ú, ìbá gba owó iṣẹ́. Mo ti ka ibẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà kí n tó rí i pé ọ̀rọ̀ tí àwa ayálégbé ń sọ gan-an ni: àlejò ni wá, ìlú yìí kò ṣe wá lóore, kí ló kàn wá níbẹ̀? Hídírì kò bá a jiyàn lórí owó. Ó kàn sọ àwọn tí ó wà nídìí ògiri náà fún un, àwọn ọmọ òrukàn méjì tí ìṣúra wọn wà lábẹ́ rẹ̀, tí bàbá wọn jẹ́ ẹni rere. Mùsá kò mọ̀ wọ́n. Àwa mọ ìyá alákàrà. Ojoojúmọ́ ni a ń rà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ìlú Djenné, ní ilẹ̀ Mali, mọ́sálásí amọ̀ kan wà tí wọ́n tún kọ́ ní 1907. Lọ́dọọdún, kí òjò tó dé, gbogbo ìlú ni ó ń jáde láti tún un rẹ́. Àwọn obìnrin á pọn omi, àwọn ọ̀dọ́ á sáré gbé amọ̀ wá nínú agbọ̀n, àwọn mọlémọlé á gun àwọn igi tí ó yọ síta lára ògiri. Bí ti àwa bá rí bẹ́ẹ̀! Ilé tí a kọ́ sí Ìwó àti Ọ̀fà, Iléyá sí Iléyá ni a ń ṣí i, ikán ti gba yàrá. Èyí tí a ń sùn nínú rẹ̀ níhìn-ín, a ní kì í ṣe tiwa.

Lẹ́yìn tí fẹ́ǹsì Nyanya wó, a kọ lẹ́tà sí onílé, àwa mẹ́fà fọwọ́ sí i, ẹnì kan kọ̀. Onílé san ìdajì owó rẹ̀, ó sì yọ ìyókù tí a dá kúrò nínú owó ilé ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Bíríkìlà fi òpó sí i lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì lu ihò sí ìdí rẹ̀ kí omi lè máa jáde. Ìyá alákàrà bi mí pé ṣé ó le báyìí kí òun padà sí ààyè òun. Mo kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jọ̀wọ́ dárí jì mí. Kò mọ ohun tí mò ń wí, ó rò pé owó àkàrà àná ni.