Ìbáwí Yàtọ̀ sí Ìwọ̀sí

Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí ni ó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Bí olùkọ́ bá ń fi wọ́n ṣẹ̀sín níwájú aláìsàn, tí ó ń halẹ̀ pé wọn kò ní yege, àwa òbí a ní, "Fara dà á, ìwé ni kí o ṣáà gbà." Ǹjẹ́ ìmọ̀ràn náà tọ́?

Lóòótọ́, àṣìlò oògùn lè pa ènìyàn. Olùkọ́ gbọ́dọ̀ le. Ṣùgbọ́n ìbáwí a máa tún iṣẹ́ ọmọ ṣe. Ìwọ̀sí a máa pa á lẹ́nu mọ́. Ìwádìí Sir Robert Francis ní 2015 fihàn pé ẹ̀rù ń ba ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ NHS àti akẹ́kọ̀ọ́ láti sọ àṣìṣe tí wọ́n rí. Aláìsàn ni ó ń jìyà irú ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ọ̀tún ni a fi ń fà á mọ́ra. Olùkọ́ tí kò ní ọwọ́ ọ̀tún kò báni wí, ó ń fìyà jẹni ni.

Ẹ gbọ́ ti ọmọ yín. Kí ó kọ ọjọ́ àti ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, kí ẹ sì bá a wá ẹni tí yóò gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́.