Ìmọ̀ Tí Ó Bá Oníṣẹ́ Wọ Ilẹ̀

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò: ǹjẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ ní ẹ̀tọ́ láti fi ìmọ̀ rẹ̀ pamọ́ títí tí yóò fi bá a wọ ilẹ̀? Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò dáhùn kíá pé ohun tí ẹni bá fi òógùn ara rẹ̀ mọ̀, tirẹ̀ ni. Èmi kò tètè gbà bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ Ilé-Ifẹ̀ ni ó sì fà á.

Ní Igbó Olókun, láàárín nǹkan bí ọdún 1000 sí 1500, àwọn ará Ifẹ̀ ń yọ́ dígí nínú ìkòkò amọ̀, wọ́n sì ń fi í ṣe ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ aró àti onírúurú àwọ̀ mìíràn. Iṣẹ́ náà kú. Ohun yòówù tí ó pa á, kò sí àrólé kan tí ó lè sọ fún wa bí wọ́n ti ń po èlò rẹ̀ pọ̀. Nígbà tí Leo Frobenius, ará Jámánì, dé ibẹ̀ ní 1910, ó rí àkúfọ́ ìkòkò tí dígí lẹ̀ mọ́ lára, ó rí àwọn ère. Ó ní ọ̀làjú Atlantis, ìlú inú ìtàn àwọn Gíríìkì tí òkun gbé mì, ni ó bí wọn. (Ẹ wo ọ̀nà jíjìn tí ọkùnrin yìí rìn kí ó má baà bá babańlá wa pàdé!) Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ọ̀mọ̀wé tí kò sọ ìsọkúsọ bíi tirẹ̀ ṣì ń sọ pé dígí òkèèrè ni Ifẹ̀ ń tún yọ́. Ó di 2006 kí Akin Ige ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó fi hàn pé èròjà inú dígí náà kò bá ti ilẹ̀ mìíràn mu. Ìwalẹ̀ Abidemi Babalola, tí a tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde ní 2017, sì hú ìlẹ̀kẹ̀ tí ó lé ní 12,000.

Èyí ni ó dùn mí. Iṣẹ́ tí kò ní ẹlẹ́rìí láàyè, àlejò ni yóò pín ogún rẹ̀. Oníṣẹ́ tí kò fi ìmọ̀ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ gba ẹnu lọ́wọ́ àwọn tí a kò tíì bí.

Ẹni tí ó bá ń bá mi jiyàn yóò nawọ́ sí Bídà. Láàárín àwọn Tápà, aládùúgbò wa, ẹgbẹ́ Masagá ni ó ń yọ́ dígí, S. F. Nadel kọ̀wé nípa wọn ní 1942. Inú ìdílé ni wọ́n fi iṣẹ́ náà mọ sí, síbẹ̀ ó wà dé ìgbà tiwa. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ti ń ṣe é: ẹnìkan ń fi ẹwìrì fín iná iléru, àwọn yòókù jókòó yí i ká, wọ́n ń fi ọ̀pá irin fa dígí tí ó yọ́, wọ́n ń yí i di ìlẹ̀kẹ̀. Ẹnìkan kò lè dá a ṣe. Ọwọ́ púpọ̀ ni awo náà wà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ inú agbo ilé kan. Mo gbà kí oníṣẹ́ fi ìmọ̀ rẹ̀ pamọ́ kí ọlọ́jà má baà jí i. Kò ní ẹ̀tọ́ láti fi í du ọmọ tí ó wá kọ́ṣẹ́.

Ohun kan ṣì kù tí kò jẹ́ kí n fi gbogbo ẹnu dá oníṣẹ́ lẹ́bi. Àwọn Masagá pàápàá ti ń ṣe dígí tiwọn rí, èyí tí wọ́n ń pè ní bikini. Nígbà tí ìgò òyìnbó kún ìgboro, ìgò ni wọ́n ń yọ́. Àṣírí kọ́ ni ó fa ìyẹn. Ìgò ni kò wọ́n. Àwa tí a ń ra ìlẹ̀kẹ̀ ike fún ìyàwó nítorí pé owó rẹ̀ kéré, tí a kò sì jẹ́ rán ọmọ wa lọ sí ìdí ẹwìrì, àwa náà ni a ń fẹ́ kí ọkùnrin kan kó ìmọ̀ ìdílé rẹ̀ sílẹ̀ fún wa lọ́fẹ̀ẹ́. N kò rí ẹ̀tọ́ tí a fi ń béèrè bẹ́ẹ̀, nígbà tí a kò tíì ra ìlẹ̀kẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ní iye tí ó tó iṣẹ́ rẹ̀.