Ojúṣe Ẹni Nígbà Tí Ìlú Kò Fararọ

Bíbélì Kíkà: Jeremáyà 28:1–4, 29:1–14, Dáníẹ́lì 6:6–10

Àwọn àgbà a máa wí pé ìgbà kì í lọ bí òréré, ayé kì í lọ bí ọ̀pá ìbọn. Kí ni ó yẹ kí Kristẹni máa ṣe nígbà tí ìlú kò bá fararọ? Ṣé kí ó dá iṣẹ́ gbogbo dúró ni, tàbí kí ó máa ṣe bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀?

Nígbà tí a kó àwọn ará Júdà lọ sí Bábílónì, ènìyàn méjì sọ̀rọ̀ nípa wọn. Hananáyà wí pé láàárín ọdún 2 wọn yóò padà. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbà á gbọ́ kò ní gbin nǹkan kan. Ẹrù rẹ̀ yóò wà ní dídì lẹ́nu ọ̀nà. Jeremáyà ní tirẹ̀ kọ̀wé pé 70 ọdún ni. Ó ní kí wọ́n kọ́ ilé, kí wọ́n gbin ọgbà, kí wọ́n gbéyàwó. Kò ní kí wọ́n gbàgbé Jerúsálẹ́mù. Ó ń kọ́ wọn pé ọjọ́ tí a fi ń dúró de Ọlọ́run, ọjọ́ Ọlọ́run náà ni. A kò gbọdọ̀ fi í ṣòfò.

Ọ̀kan nínú àwọn tí a kó lọ ni Dáníẹ́lì. Nígbà tí a fi òfin de àdúrà fún 30 ọjọ́, ó wọlé lọ, ó sì kúnlẹ̀ nígbà mẹ́ta lójúmọ́ bí ìṣe rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé ewu kọ́ ni ó kọ́ ọ ní àdúrà. Ìwà tí ó ti mọ́ ọn lára nígbà àlàáfíà ni ó gbé e ró.

A rí irú rẹ̀ nílẹ̀ wa. Ní alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún 2020, òfin kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, Ògùn àti Àbújá nítorí àrùn Kòrónà. Ọ̀sẹ̀ 2 ni a kọ́kọ́ dá. Ó tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 5 kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ ẹ́. Ilé ìsìn wà ní títì. Ìdílé tí ó ti ń jí gbàdúrà pọ̀ kò ṣàjèjì sí ìsìn inú ilé.

Ṣùgbọ́n alágbàṣe tí ó jẹ́ pé owó òòjọ́ ni ó fi ń bọ́ ọmọ ńkọ́? Iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni a dá dúró. Bí a bá sọ fún un pé kí ó máa bá ìṣe rẹ̀ lọ, ẹ̀sín ni a ń fi í ṣe. Nítorí náà ni Jeremáyà kò ṣe dúró lórí ilé àti ọgbà nìkan. Ó ní kí wọ́n máa wá àlàáfíà ìlú tí wọ́n wà. Ètò ilé tí kò ní àyè fún aládùúgbò tí ebi ń pa, ìsápamọ́ ni, kì í ṣe ìgbàgbọ́.

Ẹ̀yin ará, ẹ má ṣe jẹ́ kí a dúró di ìgbà tí ayé bá rọgbọ. Lónìí, kí olúkúlùkù yan wákàtí àdúrà rẹ̀, kí ó ṣe iṣẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó sì kan ilẹ̀kùn aládùúgbò kan.

Fún ìjíròrò: Nínú ohun tí ẹ ń ṣe lójoojúmọ́, èwo ni yóò gbé yín ró bí a bá ti ilẹ̀kùn ilé ìsìn lọ́la? Ta ni yóò jẹ nínú rẹ̀ pẹ̀lú yín?