Orúkọ Abẹnà-ìmọ̀

Àwọn àgbà ní bí a bá ránni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Òwe yìí ti pẹ́ lẹ́nu wa tó bẹ́ẹ̀ tí a kì í ronú lé e lórí mọ́. Ohun tó mú mi ronú lé e lọ́tun ni ìwé kan tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gbé wá bá mi nílé wa ní Èmùré Èkìtì, nígbà tí a lọ lo ìsinmi Àjíǹde. Onímọ̀ nípa ìlera ará ìlú ni ọmọkùnrin náà. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti rìn láti ilé dé ilé àti láti abà dé abà ní agbègbè Èmùré, Ìsẹ̀ àti Ọ̀rún, wọ́n bi àwọn abiyamọ léèrè nípa ibà tó ń ṣe ọmọ wọn àti nípa ìtọ́jú tí wọ́n ń rí gbà. Wọ́n ti ṣe ìṣirò tán, wọ́n ti kọ gbogbo rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó ku kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí jọ́nà kan ní òkè òkun. "Bàbá," ó wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo àmì ohùn orí àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá inú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló kù kí wọ́n gba ìwé ìgbéga wa."

Àmì ohùn ni ó ní kí n wò. Ohun tí mo rí ju àmì ohùn lọ.

Ìbéèrè kan wà nínú ìwé wọn tó lọ báyìí: "Ǹjẹ́ ìtọ́jú tí àwọn nọ́ọ̀sì fún yín tẹ́ yín lọ́rùn?" Ìdáhùn méjì péré ni wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún: ó tẹ́ mi lọ́rùn, tàbí kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ka àkọsílẹ̀ tí àwọn tó ń béèrè ọ̀rọ̀ fi Yorùbá kọ, mo rí i pé ọ̀pọ̀ ìyá ni kò mú ọ̀kan nínú méjèèjì. "A dúpẹ́" ni wọ́n wí. Àwọn olùwádìí sì ka gbogbo "a dúpẹ́" mọ́ ìtẹ́lọ́rùn. Mo bi ọmọ náà pé nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, kí ni ó ń fi dá àwọn tó ń kí i lóhùn? Ó wo ilẹ̀. "A dúpẹ́" náà ni gbogbo wa ń wí lọ́jọ́ yẹn. À ń wí i níbi ìsọmọlórúkọ, à ń wí i nídìí pósí. Ẹni tó ní "a dúpẹ́" kò tíì sọ pé ohun kan dára. Ó kàn sọ pé òun kì í ṣe ẹni tí yóò jókòó níwájú àlejò kí ó máa tú ẹ̀dùn ọkàn òun sílẹ̀ ni. Ìyá náà ti fi tọmọ jẹ́ iṣẹ́ ẹrú. Ẹni tí kò mọ èdè yóò rò pé iṣẹ́ ọmọ gan-an ni wọ́n rán an.

Mo tún rí òmíràn. Níbi tí ìwé Gẹ̀ẹ́sì ti dárúkọ àrùn malaria, ìwé ìbéèrè Yorùbá kọ "ibà". Ó dà bí ẹni pé kò sí ìṣòro níbẹ̀, ṣùgbọ́n ibà tí àwọn ìyá wa mọ̀ gbòòrò ju malaria lọ, ó sì tún há jù ú lọ. Ó gbòòrò, nítorí pé ara gbígbóná tí oòrùn àti iṣẹ́ àṣejù fà, ibà ni wọ́n ń pè é. Ibà pọ́njú sì wà pẹ̀lú, tí ojú aláìsàn ń pọ́n. Ó há, nítorí pé ọ̀pọ̀ ìyá ni kò ka gìrì kún ibà rárá. Nígbà tí malaria bá wọ ọmọdé lára tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń gbọ̀n tí ojú rẹ̀ sì yí pa dà, ìyá yóò ní gìrì ló mú un, kì yóò ní ibà ló ń ṣe é. Bí ẹ bá wá bi ìyá bẹ́ẹ̀ pé ṣé ibà ṣe ọmọ rẹ̀ lóṣù tó kọjá, yóò ní rárá, òtítọ́ ni yóò sì sọ. Ọmọ tí àrùn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pa yóò wá bọ́ sáàárín àwọn tí àrùn náà kò ṣe.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò nìyí, ẹ̀yin òǹkàwé mi: ǹjẹ́ òtítọ́ tí ẹnì kan sọ lè di irọ́ lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀, láìsí ẹni tó purọ́ láàárín wọn? Bí ó bá lè rí bẹ́ẹ̀, ọrùn ta ni ẹ̀bi rẹ̀ wà?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo ń bu ẹnu àtẹ́ lu irú ìwádìí bẹ́ẹ̀. Èkìtì gan-an ti jèrè nínú rẹ̀. Ní ọdún 1975, I. O. Orubuloye àti John Caldwell, ọmọ Ọsirélíà, tẹ iṣẹ́ kan jáde nínú jọ́nà tí ń jẹ́ Population Studies. Ìlú Èkìtì méjì ni wọ́n fi wéra: Ìdó, tó ní ilé ìwòsàn, àti Ìsinbọ̀dé, tí kò ní irú rẹ̀. Èdè kan náà, oúnjẹ kan náà, iṣẹ́ àgbẹ̀ kan náà. Síbẹ̀ ikú ọmọdé ní Ìdó kéré gan-an sí ti Ìsinbọ̀dé. Kí irú iṣẹ́ yìí tó jáde, ẹni tó bá fẹ́ lè máa sọ pé àìmọ̀ àwọn ìyá ló ń pa ọmọ wọn. Lẹ́yìn rẹ̀, kò rọrùn mọ́ láti wí bẹ́ẹ̀. Ohun tí abiyamọ kan ì bá fi ẹkún sọ tí ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́, òǹkà sọ ọ́ débi tí ìjọba lè gbọ́. Iṣẹ́ ńlá ni. Nítorí pé ó jẹ́ iṣẹ́ ńlá náà ni kò fi yẹ kí á fi "a dúpẹ́" tí a kò yẹ̀ wò kún òǹkà rẹ̀.

Nígbà tí mo sọ èyí fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, kò bá mi jiyàn pé mo ṣì í. Ohun tó wí ni pé, "Bàbá, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àṣamọ̀ jọ́nà kò ju igba ọ̀rọ̀ ó lé àádọ́ta lọ. Kò sí àyè fún a dúpẹ́ níbẹ̀. Bí mo bá yọ tábìlì yẹn kúrò, ìdajì iṣẹ́ lọ. Bí iṣẹ́ kò bá sì lọ báyìí, ó di ọdún mìíràn kí wọ́n tó gbọ́ ẹjọ́ ìgbéga mi." Ẹ má ṣe fi ojú kékeré wo ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní ìyàwó, ó ní ọmọ mẹ́ta, owó oṣù olùkọ́ yunifásítì kò sì tó nǹkan. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Àwa tí a ti gba ìgbéga tiwa kò gbọdọ̀ yára dá ẹni tó ń wá tirẹ̀ lẹ́jọ́.

Pàápàá jù lọ èmi. Nígbà tí mo ń ṣe iṣẹ́ fún oyè ọ̀mọ̀wé, ìyá àgbà kan tó mọ alámọ̀ sun ní gúúsù Èkìtì ni ó fún mi ní èyí tó dára jù nínú ohun tí mo gbà sílẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo lò nílé rẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ di ìwé, mo mú ẹ̀dà kan lọ fún un. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó ní kí ọmọ-ọmọ òun ka ibi tí orúkọ òun wà sí òun létí. Ọmọ náà wá a títí, kò rí i. Èmi ni mo ṣí ojú ìwé náà fún un: "Abẹnà-ìmọ̀ keje". Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, "Keje? Àwọn mẹ́fà wo ló wá ṣáájú mi?" Mo ṣàlàyé pé ìlànà iṣẹ́ ni. Ó ní, "A dúpẹ́." Ó pẹ́ kí n tó mọ ohun tí ó wí fún mi lọ́jọ́ náà.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ kò rọrùn bí ẹni pé kí á máa kọ orúkọ gbogbo ènìyàn sílẹ̀. Ìyá tó sọ fún olùwádìí pé nọ́ọ̀sì bú òun níwájú èrò, bí orúkọ rẹ̀ bá jáde, báwo ni yóò ṣe pa dà sí ilé ìwòsàn kan ṣoṣo tó wà nítòsí rẹ̀? Bákan náà ni orúkọ ìlú. Dídárúkọ Ìsinbọ̀dé fi àìní hàn, àìní kì í sì í ṣe ẹ̀sín. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1991, nígbà tí ẹ̀rù àrùn éèdì gbòde, iṣẹ́ mìíràn jáde nínú jọ́nà Studies in Family Planning lórí bí ènìyàn ṣe ń bá ju ẹnì kan lọ lò pọ̀, ẹkùn Èkìtì sì wà nínú àkọlé rẹ̀ gbangba. Ìwádìí tó wúlò fún ẹ̀mí ènìyàn ni. Síbẹ̀, ọmọ Èkìtì tó bá ka àkọlé náà ní ìlú òyìnbó lè béèrè pé ṣé àwa nìkan ni. Ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Ó yẹ kí á wo ilé pẹ̀lú kí á tó fi orúkọ ilé sórí ìwé.

Nítorí náà, ìwà kan náà, ìyẹn fífi orúkọ pamọ́, lè jẹ́ àánú níbì kan kí ó sì jẹ́ olè níbòmíràn. Kí ni a ó fi mọ ìyàtọ̀? Èmi rò pé ìbéèrè kan tó láti fi wọ̀n ọ́n: ta ni ìpamọ́ náà ń ṣe lóore? Bí a bá fi orúkọ abiyamọ pamọ́, òun ni a dáàbò bò. Nígbà tí mo fi orúkọ alámọ̀ pamọ́, èmi ni mo ṣe lóore, nítorí pé orúkọ mi nìkan ló kù lórí ohun tí àwa méjèèjì jọ ṣe. Ìlànà ni mo sá pamọ́ sí lábẹ́.

Ìlànà dára. Ní ọdún 1964, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn àgbáyé fi ọwọ́ sí ìpinnu Helsinki lórí ìwádìí tí a fi ènìyàn ṣe. Ní 1978, àwọn olóòtú jọ́nà ìṣègùn kan pàdé ní Vancouver. Láti ara ìpàdé náà ni òfin ti dàgbà tó ń sọ ẹni tó yẹ kí a pè ní òǹkọ̀wé iṣẹ́ ìwádìí. Ní Kánò ní ọdún 1996, nígbà tí àrùn yírùnyírùn ń jà, ilé iṣẹ́ Pfizer dán oògùn Trovan wò lára ọgọ́rùn-ún ọmọdé nínú igba. Àríyànjiyàn lórí bóyá àwọn òbí mọ̀ pé ìdánwò ni kò tán bọ̀rọ̀. Nàìjíríà ṣe òfin tirẹ̀ fún ìwà ọmọlúàbí nínú ìwádìí ìlera ní 2007. Ohun tó sì wú mi lórí jù, nítorí pé iṣẹ́ èdè ni iṣẹ́ mi, ni àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí ìpinnu Helsinki ní 2024: wọ́n yọ ọ̀rọ̀ tó ń pe ènìyàn ní ohun tí a ń yẹ̀ wò kúrò, wọ́n fi èyí tó pè é ní alábàáṣe rọ́pò rẹ̀. Ọgọ́ta ọdún ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo gbà. Ṣùgbọ́n òfin kankan kò lè sọ fún olóòtú kan ní òkè òkun ohun tí "a dúpẹ́" túmọ̀ sí. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá nìkan ló lè sọ ọ́. Bí ẹni náà bá dákẹ́, kò sí ẹni tí yóò mú un, ìdí rẹ̀ sì nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi jẹ́ ti ìwà, tí kì í ṣe ti òfin nìkan. Ẹ̀bi tí mo béèrè lẹ́ẹ̀kan, ọrùn ẹni tó gbọ́ èdè méjèèjì ló wà.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kò fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ méjì yẹn. Ó pa dà sọ́dọ̀ díẹ̀ nínú àwọn ìyá náà, ó sì gbé ìbéèrè gba ọ̀nà mìíràn: "Bí ọmọ ọ̀rẹ́ yín bá ń ṣàìsàn, ṣé ẹ ó ní kí ó gbé e lọ síbẹ̀?" Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó ya gìrì sọ́tọ̀ kúrò lára ibà. Tábìlì náà kéré sí ti tẹ́lẹ̀, ìgbéga sì kọjá lọ́dún náà. N kò lè sọ pé inú rẹ̀ dùn. Ó fi orúkọ àwọn tó ń bá a béèrè ọ̀rọ̀ láti abà dé abà sí apá ìdúpẹ́, lẹ́yìn tí wọ́n ti gbà bẹ́ẹ̀. Orúkọ àwọn abiyamọ ni ó pa mọ́.

Ní tèmi, mo pa dà sí ìlú ìyá alámọ̀ láti tọrọ àyè kí n lè fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé náà bí a bá tún un tẹ̀. Ó ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́, ṣùgbọ́n ó rántí mi. Ó ní òun gbà, ṣùgbọ́n kí n kọ oríkì òun mọ́ ọn, nítorí pé obìnrin tó ń jẹ́ orúkọ òun pọ̀ nílùú. N kò gbọ́ "a dúpẹ́" lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ náà.